Àwòrán inú ewé ọ̀pẹ yìí ò bá ohun tí wọ́n kọ sára ẹ̀ mu, kí ló dé?

Lekan_Bronx
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn láti Sátidé, mo ní kí n gbé e wá síbí torí ẹni tó mọ̀ ọ́n ò ní wọ́n. Assignment ilé ìwé ló gbé èmi àti ọmọ mi obìnrin lọ sí Metropolitan Museum ní New York níbí, a ti rìn rìn rìn ẹsẹ̀ ti ń ro mí, a kàn ń gba ibi tí wọ́n kó nǹkan Íńdíà sí kọjá ni ọmọ bá fà mí lápá, ó ní dádì ẹ wá wo rúlà. Mo bẹ̀rẹ̀ wò ó, lóòótọ́ ó jọ rúlà. Ewé ọ̀pẹ ni, wọ́n gé e tẹ́ẹ́rẹ́, gígùn ẹ̀ lé díẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 40, fífẹ̀ ẹ̀ ò ju bíi 7 lọ, àwọ̀ ẹ̀ ti dà bíi tíì tí wọn ò fi mílíìkì sí. Wọ́n kọ̀wé wínníwínní sí i láti etí kan dé èkejì, ihò méjì roboto wà lára ẹ̀. Àárín ẹ̀ ni wọ́n wá ya obìnrin kan sí, ara obìnrin yẹn jẹ́ àwọ̀ ewé, àwọn èèyàn kéékèèké wà lọ́dọ̀ ẹ̀ tí ayọ̀ ti gba ọkàn wọn pátápátá. Gbogbo àwòrán náà ò ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọ mi lọ.

Wọ́n kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ pé Bengal ló ti wá, ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kejìlá, pé ìwé ẹ̀sìn Búdà tó ń jẹ́ Ashtasahasrika Prajnaparamita ni, ìyẹn Ọgbọ́n Pípé onílà 8,000, àti pé Tara Aláwọ̀ Ewé, òrìṣà obìnrin kan nínú ẹ̀sìn Búdà, ni obìnrin yẹn. Mo délé, mo wá ìtumọ̀ ìwé náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo kà á títí ojú fi ń ro mí, mi ò rí Tara kankan níbẹ̀ o. Ọ̀rọ̀ ìjìnlẹ̀ ni látòkè délẹ̀, ẹnì kan á béèrè, ẹnì kejì á dá a lóhùn pé ohun tó o rò pé ó wà yẹn kò sí, kò sì ṣàì sí. Kí wá ni obìnrin yẹn ń ṣe láàárín ọ̀rọ̀ tí kò kàn án? Ṣé ayàwòrán ò mọ̀wé kà ni àbí àwọn tó to ewé jọ ló tò ó ṣì?

Iya_Beji_Peckham
😂😂 Nínú ìwé tí wọ́n fi kọ́ wa ní kíláàsì kìíní, tí wọ́n bá ti kọ E ewúrẹ́ ló máa wà lábẹ́ ẹ̀. Tí wọ́n bá ya àdìyẹ síbẹ̀ tíṣà á ní àwọn tó tẹ̀ ẹ́ ló ṣàṣìṣe. Mo ti gbé àga mi kalẹ̀, mo ń dúró de àwọn tó mọ̀ ọ́n.

Akowe_Agba
Lekan ọmọ mi, o ṣeun tó o gbé ọmọ lọ síbi tó dáa. Ayàwòrán ò ṣìṣe, ewé náà ò sì ṣì. Àwa la ti gbà pé iṣẹ́ àwòrán inú ìwé ni kó máa ṣàlàyé ìwé.

Wò ó, ìwé yẹn ò ní ohun tí ayàwòrán lè rí dì mú. 8,000 tí wọ́n ń wí yẹn, má rò pé ewì ni, ọ̀rọ̀ geere ni, síléèbù 32 ni wọ́n kà sí ìlà kan, bí a ṣe ń fi kóńgò wọn gààrí, wọ́n wọn ọ̀rọ̀ yẹn ó sì tó òṣùwọ̀n 8,000. Orí 32 ló ní. Búdà àti àwọn ọmọlẹ́yìn ẹ̀, Subhuti, Shariputra, wọ́n jókòó wọ́n ń fọ̀rọ̀ jomi tooro ọ̀rọ̀ lórí pé gbogbo nǹkan tá a ń rí, òfìfo ni. Báwo lo ṣe fẹ́ ya òfìfo? Nítorí náà nígbà ayé àwọn ọba Pala tó jẹ lórí Bihar àti Bengal, láti nǹkan bí 750 títí dé ọ̀rúndún kejìlá, ohun tí wọ́n sábà ń yà sínú ìwé yìí ni ibi mẹ́jọ nínú ìgbésí ayé Búdà, pẹ̀lú àwọn òrìṣà ẹ̀sìn náà bíi Tara, Avalokiteshvara, Manjushri. Ìbí ẹ̀ ní Lumbini wà níbẹ̀, ìgbà tí ojú ẹ̀ là lábẹ́ igi ní Bodhgaya, ìwàásù ẹ̀ àkọ́kọ́ ní Sarnath, títí dé ikú ẹ̀ ní Kushinagar.

Èyí tí èmi fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni ti ọ̀bọ. Ní Vaishali ni, ọ̀bọ kan gbé oyin wá fún Búdà nínú àwo, Búdà sì gbà á. Inú ọ̀bọ dùn débi pé ó ń fò láti orí igi dé orí igi, ó ṣèèṣì já sínú kànga, ó kú, ó sì lọ sọ́run tààrà nítorí oyin yẹn. Àwọn oníṣẹ́ ọnà ayé Pala, wọ́n á ya ọ̀bọ tó gbé àwo dání, nígbà míì wọ́n á tún ya ẹsẹ̀ méjì tó yọ síta lẹ́nu kànga! Àyè yẹn ò ju ibi tí àtàǹpàkò lè bò mọ́lẹ̀ lọ. Ti erin náà wà níbẹ̀, Nalagiri, tí Devadatta ìbátan Búdà fi ọtí rọ yó tó sì tú sílẹ̀ sí i lójú títì Rajagriha, tí erin dé iwájú ẹ̀ tó kúnlẹ̀ wọ̀ọ́. Kò sí ọ̀bọ, kò sí erin nínú ọ̀rọ̀ ìwé yẹn o. Ibi mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ni àwọn onígbàgbọ́ ń rìnrìn àjò lọ. Ẹni tó bá yà wọ́n sínú ìwé kan ti kó gbogbo ilẹ̀ mímọ́ sínú àpótí kan nìyẹn.

Omo_Alaro
Bàbá ẹ ṣeun, ọ̀bọ pa mí lẹ́rìn-ín. Èmi ọ̀rọ̀ àwọ̀ ló ń dùn mí o. Ilé aláró ni wọ́n bí mi sí l'Abẹ́òkúta, mo mọ̀ pé àwọ̀ ewé kì í ṣàdédé wá, ẹni tó bá ní òun fi ewé tútù ṣe é ń tan ara ẹ̀ ni, kò ní pẹ́ tó fi máa ṣá. Ẹgbẹ̀rún ọdún ó dín díẹ̀ rèé tí Tara ṣì tutù yọ̀yọ̀, kí ni wọ́n fi ṣe é?

Ajani_Onifoto
Màmá, ẹ̀lú ni o! Igi tiwọn yàtọ̀ sí ẹ̀lú tiwa, àmọ́ aró kan náà ló ń jáde níbẹ̀. Wọ́n á wá pò ó mọ́ òkúta pupa rúsúrúsú kan tí wọ́n ń pè ní orpiment, ó ń dán bíi wúrà, arsenic ló wà nínú ẹ̀, májèlé paraku. Aró pẹ̀lú rúsúrúsú, ó di àwọ̀ ewé. Òkúta yẹn náà ni wọ́n fi ń ṣe yẹ́lò lásán, ní Nepal wọ́n tiẹ̀ tún máa ń fi kun bébà ìwé látòkè délẹ̀ kí kòkòrò má bàa jẹ ẹ́. Pupa, òkúta cinnabar. Dúdú, èédú àtùpà. Ìwọ̀nba àwọ̀ yẹn náà ni, kò pọ̀.

Ewé ọ̀pẹ ò mu àwọ̀ bí aṣọ ṣe ń mu ún o, orí ẹ̀ ló ń jókòó sí, tẹ́ ẹ bá tẹ ewé yẹn kọ́rọ́ báyìí àwọ̀ á hó. Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi máa rí ojú òrìṣà tó ti bó níbi kan tí aṣọ ẹ̀ ṣì pé. Ọ̀pẹ ọ̀hún kì í sì ṣe ọ̀pẹ eléyìn wa, talipot ni, ewé ẹ̀ fẹ̀ bí agbòjò. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ń tanná láyé ẹ̀, lẹ́yìn ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún, tó bá ti so báyìí ó parí nìyẹn, ó kú. Wọ́n á gé ewé náà, wọ́n á sè é, wọ́n á sá a, wọ́n á fi nǹkan yún un kó dán, akọ̀wé á fi gègé àti yíǹkì kọ tiẹ̀ kọ́kọ́, á fi àyè sílẹ̀ fún ayàwòrán. Ẹ ò rí i pé akọ̀wé ti mọ ibi tí àwòrán máa wà kó tó bẹ̀rẹ̀, wọn ò kàn ń yà á síbi tó bá ṣófo.

Ẹ tún rántí pé ewé gan-an lojú ewé tiwọn. Àwa ń sọ ojú ewé lórí bébà lásán.

Sule_Olokoowo
Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, ẹ má bínú. Gbogbo àlàyé yìí, ọ̀rọ̀ kan ló ń sọ sí mi létí: tírà. Kùránì lódindi, tírà la máa ń pè é nílé wa, èyí tí wọ́n rán mọ́ awọ so mọ́ ọmọ lọ́rùn, tírà náà ni. Bàbá bàbá mi ní ọ̀kan tó fi há òrùlé, ó kú, bàbá mi jogún ẹ̀, kò sẹ́ni tó tú u rí, kò sì sẹ́ni tó bèèrè pé kí ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ìwé kì í ṣe fún kíkà nìkan. Èmi ò rí ohun ìyanu kankan nínú pé àwòrán ò bá ọ̀rọ̀ mu, àṣẹ ni wọ́n ń fi kún un.

Akowe_Agba
Sule, o fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ̀rọ̀ lẹ́nu mi. Ìwé yẹn fúnra ẹ̀ sọ ọ́ kedere, ní orí kẹta níbẹ̀. Búdà ní tí ẹnì kan bá kọ ìwé yìí, tó gbé e síbi gíga, tó fi òdòdó àti tùràrí àti àtùpà bọlá fún un, èrè ẹni yẹn ju ti ẹni tó kọ́ stupa lọ, kódà kó kọ́ ọ kún ilẹ̀. Stupa ni òkìtì tí wọ́n ń kó egungun Búdà sí o, kò sí ohun tó mọ́ jù ú lọ lójú wọn. Ìwé wá sọ pé òun jù ú lọ! Nítorí kí ni? Ọgbọ́n ló bí Búdà, ìwé yìí ni ọgbọ́n yẹn. Wọ́n ń pè é ní ìyá gbogbo Búdà. Prajnaparamita ti di òrìṣà obìnrin, wọ́n á yà á tòun tìwé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.

Pákó méjì ni wọ́n fi ń ṣe èèpo ìwé, ọ̀kan lókè ọ̀kan nísàlẹ̀, wọ́n á ki okùn bọ inú ihò tí Lekan rí yẹn. Àwòrán máa ń wà nínú pákó, ní ìkọ̀kọ̀. Ẹ̀yìn pákó, ìta, ibẹ̀ ni ẹ ti máa rí ìbọ. Àwọn pákó kan wà tí sandalwood (igi olóòórùn dídùn), àwọ̀ pupa, mílíìkì àti ìrẹsì ti gbẹ mọ́ lára, ọdún lọ́dún, títí ó fi nípọn gbagidi tẹ́ ẹ ò ní rí igi mọ́.

Àmọ́ ibi tí mo ti yà kúrò lọ́dọ̀ ẹ ni pé tírà bàbá yín wà ní dídì. Èyí, wọ́n ń ṣí i, wọ́n sì ń ka á sókè. Ní Patan ní Nepal, ní ilé ẹ̀sìn tí wọ́n ń pè ní Kwa Bahal, wọ́n ní ọ̀kan tí wọ́n fi yíǹkì wúrà kọ sí bébà dúdú ní ọ̀rúndún kẹtàlá, títí dòní ẹni tí àìsàn bá ń ṣe tàbí tó bá ní ìdúpẹ́ lè sanwó kí wọ́n kà á fóun. Àwọn àlùfáà á pín ewé ẹ̀ láàárín ara wọn, oníkálukú á máa ka tiẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Iya_Beji_Peckham
Lẹ́ẹ̀kan náà bí i báwo bàbá? Ta ló máa wá gbọ́ ohun tí wọ́n ń kà?

Sule_Olokoowo
@Iya_Beji ẹ ò lọ sí ibi tí wọ́n ti ń parí Kùránì rí ni? Àwọn ààfáà á pín ìpín ọgbọ̀n, ká tó wí báyìí odindi ti parí. Ọlọ́run ló ń gbọ́ 😄

Ajani_Onifoto
Ẹ̀gbọ́n Akọ̀wé, mo gbà fún yín lórí ìbọ, àmọ́ ẹ ti fẹ́ sọ ọ́ dà bíi pé àwòrán kàn wà níbẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ibi tí wọ́n fi sí ló ń sọ̀rọ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ ìwé, òpin ìwé, ibi tí orí kan parí tí òmíràn bẹ̀rẹ̀, àwọn ibẹ̀ ni àwòrán sábà máa ń wà, bí ẹ̀ṣọ́ ṣe ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. Jinah Kim tó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní Harvard ti ṣiṣẹ́ lórí èyí gan-an, ó fi hàn pé ìwé náà ni wọ́n ń sọ di ilé mímọ́, àwòrán ni wọ́n fi ń tò ó, ẹni tó bá ń ṣí ewé kọ̀ọ̀kan dà bí ẹni tó ń wọ yàrá dé yàrá. Ìyẹn ju kéèyàn kàn fi àṣẹ kún un lọ.

Ẹ tún ní kò sí ìtàn nínú ìwé yẹn, ìtàn wà ní ìparí o! Ti Sadaprarudita, Ẹlẹ́kún Ìgbà Gbogbo, ọkùnrin tó ń sunkún kiri pé òun ń wá Ọgbọ́n Pípé. Kò lówó tó máa fi ra ẹ̀bùn lọ sọ́dọ̀ olùkọ́ ló bá ń kiri ara ẹ̀ tà lọ́jà, pé ta ló fẹ́ ra èèyàn. Ọmọ oníṣòwò kan, obìnrin, ló rí i tó sì ṣàánú ẹ̀, òun àti àwọn ìránṣẹ́bìnrin ẹ̀ tẹ̀ lé e. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, ìwé wà nínú àpótí, wàláà wúrà ni wọ́n kọ ọ́ sí, òkúta iyebíye tí wọ́n yọ́ bí epo ni yíǹkì ẹ̀, èdìdì méje ló sì wà lára ẹ̀. Ìwé ń sọ̀rọ̀ nípa ara ẹ̀ nìyẹn, bó ṣe yẹ kí wọ́n tọ́jú òun.

Akowe_Agba
Ó dáa, mo gba ti Sadaprarudita, mo gbàgbé ẹ̀ pátápátá. Àgbà náà ń gbàgbé.

Iya_Beji_Peckham
Ẹ̀yin èèyàn yìí ẹ ti bá tèmi jẹ́. Mo ní kí n kàn yọjú wo ọ̀kan lórí fóònù, wákàtí méjì ti lọ, ẹ̀wà mi ti jóná. Yunifásítì Cambridge gbé odindi ìwé yìí kan sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, nọ́ńbà ẹ̀ ni Add. 1643, ẹ lọ wò ó. Nepal ni wọ́n ti kọ ọ́ ní 1015, ẹni tó kọ ọ́ ń jẹ́ Sujatabhadra, ewé 222, àwòrán 85. Ẹ gbọ́ o, 85! Èyí ò tiẹ̀ ya ìgbésí ayé Búdà nìkan, ojúbọ káàkiri ayé ló ń yà, wọ́n sì kọ orúkọ òrìṣà àti ìlú tó wà sí i níkọ̀ọ̀kan. Mo rò pé Íńdíà àti Nepal nìkan ni màá rí, mo rí Sri Lanka, mo rí Dipankara tó wà ní Java, mo rí Manjughosha tó wà ní Ṣáínà. 1015 o! Ẹni tó jókòó sí ẹsẹ̀ òkè Himalaya ń ka ojúbọ tó wà létí òkun Java bí ẹni ń ka bọ́ọ̀sì stop.

Mo sún un títí ó fi kún ojú fóònù. Ẹ wo bí akọ̀wé ṣe ń dé ibi ihò okùn, ó máa dá ọ̀rọ̀ dúró, á fo ihò, á máa bá a lọ lódì kejì, ọ̀rọ̀ kan náà o, ìdajì ẹ̀ wà níbí, ìdajì wà lọ́hùn-ún. Kò sí ìlà kan tó dorí kodò, gbogbo ẹ̀ tò bí eyín ọmọdé.

Èyí tó wá mú mi jókòó ni pé ní 1138, lẹ́yìn ọdún 123, ẹnì kan tó ń jẹ́ Karunavajra kọ ọ́ kún òpin ìwé pé ìwé náà ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn tí kò gbà á gbọ́ tẹ́lẹ̀, òun lòun gbà á padà. Ó pè é ní ìyá.

Omo_Alaro
Báwo ló ṣe wá dé Cambridge?

Ajani_Onifoto
Dókítà kan ni, Daniel Wright, ó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Kathmandu, láàárín 1873 sí 1876 ló ń ra ìwé ránṣẹ́ sí Cambridge. Ṣáájú ẹ̀ Brian Hodgson, tó jẹ́ aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀, ti kó tiẹ̀ lọ. Ìwé pọ̀ nílẹ̀ Nepal ju ohun tẹ́nikẹ́ni lè rò lọ.

Kunle_Lekki
Ti Nepal nìyẹn, Íńdíà tí wọ́n ti ń ṣe é ńkọ́? Ṣebí àwọn Mùsùlùmí ló jó gbogbo ẹ̀ níná. Mo kà á pé ilé ìkàwé Nalanda, ilé ẹ̀kọ́ ńlá àwọn mọ́ńkì Búdà ní Bihar, jó fún oṣù mẹ́ta gbáko.

Sule_Olokoowo
Ó yá, ó ti dé 🙄. Kunle, ta ló dúró tì í tó ń ka oṣù?

Akowe_Agba
Ẹ rọra, ẹ má jẹ́ kó di ìjà. Ogun dé lóòótọ́, a ò ní bò ó mọ́lẹ̀. Ní nǹkan bí 1200 ni Bakhtiyar Khalji, ọ̀gágun Mùsùlùmí kan, àti àwọn ọmọ ogun ẹ̀ wọ Bihar. Minhaj, akọ̀tàn tiwọn fúnra wọn, kọ ohun tó gbọ́ lẹ́nu ọmọ ogun kan tó wà níbẹ̀: wọ́n rò pé ilé olódi ọba ni wọ́n ṣẹ́gun, wọ́n pa àwọn tí wọ́n bá níbẹ̀, gbogbo wọn fá orí. Ìgbà tí wọ́n wá rí ìwé rẹpẹtẹ, wọ́n ní kí wọ́n wá ẹni tó máa sọ ohun tó wà níbẹ̀ fáwọn. Kò sẹ́nì kankan mọ́. Wọ́n ti pa wọ́n tán. Èmi kì í lè ka ibẹ̀ yẹn kọjá láì dúró.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ oṣù mẹ́ta yẹn kò sí níbẹ̀, ti Nalanda pàápàá ò sì parí lọ́jọ́ kan. Dharmasvamin, mọ́ńkì kan láti Tibet, dé Nalanda ní nǹkan bí 1235, ó bá bàbá arúgbó kan tó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, Rahula Shribhadra, tó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bí 70 ní gírámà Sanskrit, èdè àtijọ́ Íńdíà, láàárín ilé tó ti wó. Ìròyìn kàn pé àwọn ọmọ ogun bí 300 ń bọ̀. Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ sá. Bàbá ní kí Dharmasvamin náà máa lọ, Dharmasvamin ní òun ò lọ, ó bá pọn bàbá sẹ́yìn, ó gbé àpò ìrẹsì díẹ̀ pẹ̀lú ṣúgà, wọ́n lọ sá pamọ́ sí ojúbọ kan. Àwọn ọmọ ogun dé, wọn ò rí wọn, wọ́n lọ.

Àwọn tó sá lọ sí Nepal àti Tibet gbé ohun tí wọ́n lè gbé dání. Òtútù ibẹ̀ ló pa ewé mọ́. Bengal tí òjò ń rọ̀ bí ti Èkó, ikán lásán ti tó láti jẹ ewé ọ̀pẹ tán, kò nílò ogun.

Kunle_Lekki
Mo gbọ́ sà. Sule má bínú.

Sule_Olokoowo
Kò sí wàhálà. Ti bàbá tí wọ́n pọ̀n sẹ́yìn yẹn wọ̀ mí lára.

Lekan_Bronx
Mo ti ń ka gbogbo yín bọ̀ láti ibi iṣẹ́, ọ̀gá mi rò pé email ni mò ń kà. Ìbéèrè kékeré kan: èmi ewé kan ni mo rí. Ewé kan tàbí méjì ló máa ń wà lábẹ́ gíláàsì. Níbo ni ìyókù ìwé tèmi wà?

Ajani_Onifoto
Ibi tó ń dùn mí lo tẹ̀ yẹn. Ìwé tiẹ̀, wọ́n ti tú u ká ni. Àwọn oníṣòwò nǹkan àtijọ́ á ra odindi ìwé, wọ́n á yọ àwọn ewé tó ní àwòrán, wọ́n á máa tà á lọ́kọ̀ọ̀kan torí ó lówó lórí bẹ́ẹ̀ ju odindi lọ. Ewé tó jẹ́ ọ̀rọ̀ nìkan, tí kò ní àwòrán, ta ló fẹ́ rà á? Ìyẹn ló fi jẹ́ pé ìwé kan náà lè wà ní mùsíọ̀mù mẹ́ta mẹ́rin àti lọ́wọ́ àwọn olówó tí ẹ ò ní gbúròó. Ó burú jù torí ìparí ìwé ni wọ́n máa ń kọ orúkọ ẹni tó sanwó ẹ̀ sí, ọdún wo nínú ìjọba ọba wo, ìlú wo. Tí ewé yẹn bá ti sọnù, ìwé ti di ọmọ òrukàn nìyẹn, “Bengal, ọ̀rúndún kejìlá” ni wọ́n kàn máa kọ sí i.

Akowe_Agba
Àdúrà kan ló sì máa ń wà ní ìparí yẹn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀ láti ìwé dé ìwé: pé èrè yòówù tó bá wà nínú iṣẹ́ yìí, kó jẹ́ ti olùkọ́ mi, ti ìyá mi, ti bàbá mi, àti ti gbogbo ẹ̀dá alààyè, kí wọ́n lè ní ìmọ̀ tó ga jù. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó sanwó ìwé wọ̀nyí, obìnrin ni wọ́n, ọlọ́rọ̀ tó wà nílé ọkọ, kì í ṣe mọ́ńkì. Àwọn ló ni orúkọ tó sọnù yẹn.

Omo_Alaro
Àwọn ayàwòrán ńkọ́, ṣé wọn kì í kọ tiwọn ni?

Akowe_Agba
Akọ̀wé máa ń kọ orúkọ ẹ̀ nígbà míì, bíi Sujatabhadra. Ayàwòrán, ó ṣọ̀wọ́n gidi. Taranatha ará Tibet tó kọ̀tàn ní 1608 ló dárúkọ méjì, Dhiman àti ọmọ ẹ̀ Bitpalo, ará Varendra ní Bengal, nígbà ayé ọba Dharmapala àti Devapala. Yàtọ̀ sí orúkọ méjì yẹn, kò sí ìwé kan tá a lè nawọ́ sí pé ọwọ́ Dhiman rèé.

Iya_Beji_Peckham
Èèyàn á ya ẹsẹ̀ ọ̀bọ nínú kànga tó kéré ju ìka lọ, kò sì ní kọ orúkọ. Èmi tí mo bá se mọ́ínmọ́ín lásán mo máa gbé e sí status.

Lekan_Bronx
😂 Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi ní kí n bi yín: kí ló wà lẹ́yìn ewé yẹn? Torí wọ́n tẹ́ ẹ mọ́lẹ̀ nínú gíláàsì, iwájú nìkan la rí.

Ajani_Onifoto
Sọ fún un pé ọ̀rọ̀ ló wà níbẹ̀, ojú méjèèjì ni wọ́n ń kọ. Tí wọ́n bá ń lò ó, wọ́n á gbé ewé sókè, wọ́n á dojú ẹ̀ dé sí iwájú, ìlà àkọ́kọ́ ẹ̀yìn á wá wà lókè. Kó gé páálí tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́fà bíi ti rúlà, kó lu ihò méjì sí i, kó ki okùn bọ̀ ọ́, ó máa rí bó ṣe ń ṣí.

Lekan_Bronx
Ó ti gé páálí cereal. Ó ní òun máa ya Tara sí ọ̀kan, òun máa kọ homework math sí ìyókù, pé ṣebí ẹ̀yin lẹ ní kò pọn dandan kí wọ́n bára mu.